Ẹ Kú Àìṣú

Ní Lẹ́rúwíìkì, ní Ṣẹ́tíláńdì,
níbi tí àwọn tó ń ya máàpù Bìrìtéènì
ti máa ń há wa mọ́ inú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́
nítorí pé ìwé wọn kò gùn tó,
agogo mẹ́ta ọ̀sán ni mo pe ìyá mi ní Òkèhò.

"Ẹ káalẹ́, mà."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀.
"Ṣé ara rẹ le? Oòrùn ṣì wà
lórí èlùbọ́ tí mo sá sórí àpáta."
Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ó ti wọ̀.
Ó ní, "Ta ló lé e?"

Kò sí igi níbí.
Nílé, ewé ní í kọ́kọ́ sọ fún ni pé atẹ́gùn ń bọ̀.
Níbí, atẹ́gùn ní í jíṣẹ́ ara rẹ̀,
pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ní igbá àyà ẹni.
Agboòrùn mi kò lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó di eegun lásán.
Ìbọ̀sẹ̀ Ìbídùn kan fò kúrò lórí okùn,
inú ọgbà àgùntàn Magnus la ti bá a,
àgbò kan dúró tì í,
ó ń wò ó bí ẹni tó gba lẹ́tà tí kò lè kà.
Bí òkun bá fárígá, ọkọ̀ Abadíìnì kò ní í wá.
Búrẹ́dì á tán. Wàrà á tán.
Àwọn ará ibí á ní, "Ó mà fẹ́ díẹ̀ lónìí o."

Osla ni mo ń tọ́jú, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Kì í wo kàlẹ́ńdà; ògiri yàrá rẹ̀ ló ń wò.
Ní oṣù kejìlá, oòrùn á wọlé bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
á fọwọ́ kan fọ́tò ọkọ̀ ẹja tí ọkọ rẹ̀ fi jẹun,
á sì jáde.
Oṣù karùn-ún, àwọn ẹyẹ funfun dé láti ìsàlẹ̀ ayé,
wọ́n ń ṣá wa lórí, a ń gbé ọ̀pá sókè kọjá.
Magnus ń gé ilẹ̀ dúdú bí ẹni gé ọṣẹ dúdú,
ó ń tò ó kó gbẹ, kó lè fi dáná.

Ìgbà tó di oṣù kẹfà ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.
Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni mo wọṣẹ́,
ènìyàn lè jókòó síta ka ìwé ìròyìn.
Ẹnì kan ń gé koríko.
Kí ni mo fẹ́ kí Osla?
Ẹ káàárọ̀ kọ́. Ẹ káalẹ́? Irọ́ ni, alẹ́ kò wá.
Àwa tí a ní kíkí fún òjò, fún ìrìn, fún ìjókòó,
fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.
Mo bá dá ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ kú àìṣú."

Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Mo ní: mo rí i pé ilẹ̀ kọ̀, kò ṣú,
mo sì wà pẹ̀lú yín nínú rẹ̀.
Ó gbìyànjú. Ó sọ ọ́ di "Ẹ kú àìsùn."
N kò tún un ṣe.
Ta ló sùn?

Oṣù kejìlá ti tún dé.
Ọkọ̀ kò wá láti ọjọ́ Ajé.
Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀, mo wọ yàrá Osla,
òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, mo fi orúnkún gbá tábìlì.
Láti orí bẹ́ẹ̀dì, nínú dúdú yẹn,
mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó já geere, àmì ohùn pé:
"Ẹ kú àìṣú!"

Mo fẹ́ sọ fún un pé kíkí oṣù kẹfà nìyẹn.
"Òo," ni mo ní,
mo ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná lára ògiri.