Orí Okùn

Ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Árákálẹ̀, lẹ́yìn aránṣọ tí kì í pa rédíò,
ọ̀gá mi Akíndèjoyè da àwọn orí sórí tábìlì
bí ẹni da ẹ̀pà sílẹ̀ fún àlejò.
"Ṣà wọ́n," ó ní. "Sọ orúkọ wọn kí n gbọ́."

Mo mú onígun mẹ́rin. SC ni ìwé ń pè é,
Àpótí ni àwa ń pè é: tì í wọlé, yóò dún "kẹ́".
Mo mú kékeré tó ní ahọ́n lẹ́yìn, LC,
tí méjì rẹ̀ máa ń jókòó sí àyè Àpótí kan ṣoṣo.
Mo mú èyí tí a ń tì tí a ń yí bí ọmọrí ìgò,
ó ti darúgbó, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́
àfi ní ọ́fíìsì ìjọba l'Álágbàká, níbi tí nǹkan kì í tètè kú.

"Àwọ̀ ńkọ́?"
Búlúù wà, aláwọ̀ ewé wà.
Mo ní, "Ẹwà ni, ọ̀gá."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Kò dá mi lóhùn.

Oṣù Kejìlá ni ìdáhùn dé.
Ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo òrùlé Ìjàpọ̀.
Ilé ìwòsàn kan pè wá lálẹ́: àwòrán àyà aláìsàn
kò dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń dúró dè é l'Óǹdó.
Iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ.
Okùn kò já, eku kò jẹ ẹ́.
Nọ́ọ̀sì Fọlọ́runṣọ́ na tọ́ọ̀ṣì sí wa,
"Ẹ ṣe é kíá. Obìnrin náà ò lè mí bó bá sùn sílẹ̀."

Mo fẹ́ yọjú wo ẹnu okùn, bóyá ìmọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.
Ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́.
"Èyí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí.
Èyí tó ń fọ́ ojú ni."
Ó fi mítà sí i, ó ka iye tó sọnù, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló so èyí?"

Èmi ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Mo ti aláwọ̀ ewé bọ ilé búlúù,
ó sì wọlé. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn: ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó kúnlẹ̀ lórí táìlì, ó na àtẹ́lẹwọ́ kan gbọọrọ.
"Búlúù nìyí, ẹnu rẹ̀ tẹ́, ó kàn wú díẹ̀ láàárín."
Ó da èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Aláwọ̀ ewé, dígírì mẹ́jọ ni wọ́n fi gé e,
kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má baà dojú kọ ẹni tó rán an."
Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
Mo rí àlàfo náà.
"Ibẹ̀ yẹn ni àyà obìnrin yẹn ń ṣòfò sí."

Ó gé e. Ó bó awọ rẹ̀, ó fi ọtí nù ún,
fọ́nrán tí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀
kò tó ìdá márùn-ún irun orí mi,
tí eruku ọyẹ́ kan lè dí
bí ìgbà tí àpáta Ìdànrè bá yí jókòó sáàárín títì.
Ó fún mi ní búlúù tuntun. "Ìwọ ni kó o fi sí i."
Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Kẹ́.

Fóònù nọ́ọ̀sì dún láìpẹ́.
L'Óǹdó, ẹnì kan ti ń wo inú àyà obìnrin tí kò rí rí.

Wọ́n ní orí téèyàn yàn lọ́run kò ṣeé pààrọ̀.
N kò bá wọn jiyàn.
Ṣùgbọ́n orí okùn, bí o bá ṣì í yàn,
gígé ni. Okùn á kàn kúrú díẹ̀ sí i,
o ó sì mọ̀ pé ìwọ lo jẹ́ kó kúrú.

Orí aláwọ̀ ewé ọjọ́ náà ṣì wà lápò mi.
Mo dé e ní fìlà rẹ̀, kí eruku má wọ̀ ọ́.