Ìpín Tí Mo Tà

Ìpín ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dẹ́rù bà mí
láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ní báǹkì.
Ta ló ń ra ìpín? Ta ló ń ta ìpín ara rẹ̀?
Ká ní ìyá mi ní Kétu gbọ́, ì bá gbá mi létí.

Ogójì ni mo rà nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì
lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pósìtì.
Ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún sẹ́fà ló gbà lọ́wọ́ mi.
Nígbà tí mo tà á lásìkò ọyẹ́,
ọ̀kẹ́ méjìlá ló padà wálé,
bí ọmọ tó ti àjò dé láìwọ bàtà.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Nílé tiwa, ẹ̀yìnkùlé ni àdánù ń gbà wọlé.
Bí ewúrẹ́ bá sọnù mọ́ bàbá mi lọ́wọ́,
á ní ó wà lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Pọ́bẹ̀.
Èmi náà gbé tèmi mì.
Mo fa ìwé tí mo fi rà á ya wẹ́wẹ́,
mo dúró lórí afárá, mo dà á sínú ọ̀sà.
Omi gbà á, kò bi mí léèrè ohunkóhun.

Òjò àkọ́rọ̀ ló gbé ìwé ìmpó dé.
Owó-orí ni, orí mi ló sì kọ́kọ́ fọ́.
Wọ́n ti gbọ́ pé mo jèrè ọ̀kẹ́ mẹ́wàá
lórí ìpín tẹlifóònù tí mo tà lọ́dún kan náà.
Èrè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: kò pẹ́ tó fi rìn dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Mo gun zẹ́mì láti Wàndó lọ bá wọn.
Obìnrin tó wà nídìí tábìlì, Madamu Hùnsìnú,
bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.
"Bàbá, ṣé èrè nìkan lẹ rí lọ́dún tó kọjá?"
Mo dákẹ́. Fáànù ń yí lókè, ó ń dún bí ẹni tó ń họra.
"Torí bí ẹ bá pàdánù lórí òmíràn, ẹ sọ ọ́.
A ó yọ ọ́ kúrò lára èrè,
ìyókù la ó bu owó-orí lé."

Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, mú méje kúrò, ó ku mẹ́ta.
Ìṣirò ọmọ iléèwé ni,
àádọ́rin ọdún ni mo sì lò láyé kí n tó gbọ́
pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè àdánù ẹni
bí ẹni ń béèrè ará ilé.

Ọgbọ́n àgbà bá sọ sí mi nínú:
"Bí mo bá ta èyí tó kù lónìí ńkọ́,
kí n kọ àdánù rẹ̀ sílẹ̀,
kí n wá rà á padà lọ́jọ́ Ẹtì?"
Ó wò mí bí ọmọdé tó kó ẹran pamọ́ sẹ́yìn.
"Ohun tó ṣì wà lápò yín, Bàbá,
ta ni kó bá yín sunkún rẹ̀?"

Lẹ́yìn náà ló nawọ́:
"Ìwé tí ẹ fi rà á dà?
Àdánù tí kò níwèé, ìtàn ni."
Mo rántí ọ̀sà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún Mọ́rùfátù.
Kò pariwo. Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá sílẹ̀,
ó fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
bọ́tìnnì, owú dúdú, káàdì àjẹsára àwọn ọmọ,
nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀dà ìwé ríra àti ti títà,
òǹtẹ̀ báǹkì ṣì ń dán lára wọn.
"Ẹ̀yin ará pósìtì," ó ní,
"ẹ ò mọ̀ pé lẹ́tà a máa ní ìkejì?
Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń retí kí ẹ sọ̀rọ̀."

Mo kọ ọ́ sójú ìlà: àdánù, ọ̀kẹ́ méje.
Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀ níbi tí iye náà wà.
Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn mi,
ó ní kò hàn dáadáa,
kí n tún un kọ.