Ó Ti Jinná

Ní Oulu, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
Sulevi Haapakoski gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ sórí tábìlì ìjẹun,
ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń la ẹja.
Eruku inú rẹ̀ tó hun fìlà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fọwọ́ kan orin,
láti ìgbà tí Inkeri ti dágbére fáyé.
Kò búra. Kò bá orin jà.
"Ó di ọ̀la" ni ó kàn ń wí,
ọ̀la sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ dáadáa:
a wá láràárọ̀, a bá a mu kọfí, a sì padà síbi tó ti wá.

Pihla, ọmọ àjà òkè, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
tó pa irun láró bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú,
na ọrùn wo inú ẹ̀rọ, ó pòṣé.
"Bàbá Sulevi, ìrántí inú èyí kò tó ti adìẹ."
"Tèmi ló pọ̀ jù, ọmọ mi.
Ṣé kò sí bí a ṣe lè bù nínú tèmi fún un?"

Wọ́n ra ìrántí tuntun, pẹlẹbẹ méjì, kò gùn ju ìka lọ.
Wọ́n ra díìsìkì tí kì í yí, tí kì í kùn.
Owó táyà ìgbà òtútù ni ó fi san án;
ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn títí di oṣù tó ń bọ̀.
Pihla tẹ pẹlẹbẹ náà wọlé, ó dún kẹ́,
bí egungun tó padà sí oríkèé.

Ó tẹ duru: ohùn kò tètè dé,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó dúró wòran lọ́nà.
Pihla dín nọ́ńbà kan kù nínú ẹ̀rọ,
ọmọ sáré wálé.

Nígbà náà ni wọ́n ṣí orin àtijọ́.
Ẹ̀rọ ń pe orúkọ bí tíṣà:
Gòjé ńkọ́? Kò wá.
Fèrè ńkọ́? Kò wá.
Agogo ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé.
Ìlà kan ṣoṣo ló dáhùn pé òun wà níbí,
èyí tó fi gbohùngbohùn gbà ní ilé ìdáná:
epo ń ta nínú páànù, ṣíbí ń kan irin,
obìnrin kan sì wí pé, "Sulevi, ó ti jinná."

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.
Pihla ṣàdédé rí nǹkan pàtàkì lórí fóònù rẹ̀.

Lóru, ó jókòó níwájú ẹ̀rọ tí kò mí.
Ìgbà náà ló tó yé e:
díìsìkì àtijọ́ a máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò,
lórí ohùn kan náà, fà tó rẹlẹ̀ díẹ̀,
gbogbo orin tó kọ rí ló sì fara ti ohùn yẹn
bí arúgbó ṣe ń fara ti ògiri.
Ìmísí ni ó máa ń pè é.
Ẹ wo ìmísí!
Irin tó ń yí ni.

Báyìí, ẹ̀rọ dákẹ́. Kò sí ògiri.
Ọkọ̀ akóyìnyín kọjá nísàlẹ̀,
ó ń ha títì bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.
Ó wá ohùn náà lórí duru:
kì í ṣe mí, kì í ṣe fà,
àárín méjèèjì ni, níbi tí kò sí ohun tí ìka lè tẹ̀.

Ó kọ ohùn mẹ́rin. Ó pa mẹ́ta rẹ́.
Ẹ̀rọ bi í pé kí ni orúkọ èyí tó kù.
Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: Ó ti jinná.
Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun kò tíì jẹun.