Àpò Ọta

Àpò ọta mọ́kàndínlógún ló rọ̀ sára ògiri yàrá mi l'Ókè-Fíà.
Mọrẹ́nikẹ́ ní bí mo bá tún gbé ọ̀kan wọlé,
òun á kó jáde, kí n máa bá báráàkì mi gbé.
Iye tí mo rà wọ́n gan-an, mi ò tíì sọ fún un.

Èyí àkọ́kọ́, onírin àlòkù kan ní Sábó ló ń kó ìṣó sí i.
Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ rẹ̀
títí ó fi ń dán bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.
Láti ìgbà náà ni ojú mi ti là:
èyí tí wọ́n rán létí lẹ́ẹ̀mejì, ogun Híítílà ló ti wá;
èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ó mọ ìjà Orè.
Mo máa ń gbóòórùn wọn kí n tó sanwó:
girísì, òjò àtijọ́, àti ohun kan tí mi ò lórúkọ fún.

Ọ̀kan ló kù kí ó pé ogún.
Wọ́n júwe Ìyá Àṣàmáwù fún mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Mo bá a nídìí ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń kọ àdìrẹ ló kún inú rẹ̀.
Idẹ ti já. Aró ti mu ún yó.
Síbẹ̀, mo yí etí rẹ̀ síta, mo rí nọ́ńbà, mo rí ọdún,
àyà mi ń lù kì-kì-kì.

Mo dárúkọ owó. Mo fi kún un.
Ó ń ti aṣọ bọ aró, ó ń fà á yọ.
"Bàbá mi gbé e bọ̀ láti Bóma.
Ó sọ̀ nínú rélùwéè níbí, ìyá mi ní kí ló mú bọ̀.
Ó ṣí àpò. Òfìfo.
Ó ní, 'Nígbà tí mo ń lọ, ó wúwo.
Ẹ má bi mí ibi tí mo sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí.'
A ò bi í. Ó kú, a ò bi í.
Ogun ló gbé e wá, ọmọ mi, ogún ló dà fún mi.
Ṣé ẹ ń ra ogún l'Ókè-Fíà ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó bu omi fún mi, mo mu.

Mọrẹ́nikẹ́ rí mi lọ́wọ́ òfo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki oríkì mi.
Ó di òru, mo ń ṣí àwọn mọ́kàndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ wọn,
èmi tó mọ ọdún, tó mọ okùn, tó mọ idẹ,
tí mi ò bi ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan kan rí.
Iyanrìn díẹ̀. Igi ìṣáná kan.

Aró ṣì wà ní àtàǹpàkò mi.
Ọsàn wẹ́wẹ́ ò ràn án. Eérú ò ràn án.