Aláwọ̀-Mẹ́ta

Ọ̀pá gbígbẹ márùn-ún nínú korobá,
omi mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀,
lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ Odalie, ní Opelousas,
láti Oṣù Kejìlá títí òtútù fi palẹ̀ mọ́.

Mo bi í pé, "Ṣé igi ìdáná nìyẹn?"
Ó ní, "Má wo orí wọn. Bẹ̀rẹ̀, wo ìdí."
Mo bẹ̀rẹ̀.
Gbòǹgbò funfun, tín-ín-rín bí irun àgbà,
ń yọ níbi tí ọ̀bẹ ti kọjá.
Alcide ló gé wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn,
àkàbà rẹ̀ ṣì fara ti ògiri.

Ó gbìn wọ́n nígbà tí ilẹ̀ rọ̀,
ìṣísẹ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀kan sí èkejì:
igi tó máa ga kì í fẹ́ ẹni tí yóò fún un lápá.
Gbogbo ìgbà ooru, ewé ni. Ewé ṣáá,
tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ Alcide.
Wọ́n kọjá fèrèsé, wọ́n ń wo orí òrùlé.
Rósì tèmi ti tanná, ó ti rẹ̀ dànù,
mo sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọgbà.
"Bó pẹ́ bó yá," ni Odalie wí, "akólòlò á pe baba."

Oṣù Kẹwàá ló pè é.

Ní àárọ̀, funfun, bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀.
Ní ọ̀sán, bí ẹni tí ojú ń tì díẹ̀.
Nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fi já àwọn ọmọ sílẹ̀,
ó ti pọ́n bí ọtí àjàrà,
òdòdó kan náà, ọjọ́ kan náà.
Ní ọjọ́ kejì ó ká jọ, ó já bọ́.

Orúkọ àwọn ológun
tó jà kí ẹrú má baà dòmìnira
ni àwọn olódòdó sọ ọ́.
Ìyá tó bí ìyá-ìyá Odalie wà nínú ẹrú wọ̀nyẹn.
"Igi kò jagun," ó ní. "Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ló jà."
Aláwọ̀-mẹ́ta ló ń pè é, ní èdè Kríólì ìyá rẹ̀.

Ní alẹ́ àná, ìrì dì sórí koríko.
Láàárọ̀ yìí, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi:
ọ̀pá méjì, ìwé ìròyìn ni ó fi dì wọ́n.
Kò sọ nǹkan kan.
Mo wá korobá lọ.