Omi Tó Tutù Láìsí Yìnyín

Ọ̀gọ̀tún, oṣù karùn-ún, àgbàdo ti yọ ewé mẹ́fà.
Bàbá mi da yúríà funfun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù,
ó fi ọ̀pá rò ó, ó ní kí n di etí rẹ̀ mú.
Mo dì í mú. Mo pariwo.
Omi tó ti ń yáàrùn láti àárọ̀
ṣàdédé tutù bí imú ajá.
Kò sí yìnyín níbẹ̀. Iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé,
fíríìjì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, aṣọ ni wọ́n ń kó sí i.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe,"
ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú poro lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe" kò yó mi.
Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Tíṣà Fátúnlá,
ẹni tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ di funfun.
Mo ní: ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀,
ṣé kò yẹ kó máa mú ooru jáde ni,
bí igi tó ń jó, bí kábáàdì tí wẹ́dà bu omi sí?
Yúríà yìí ń jí ooru gbé ni. Ta ló wá ń rán an?

Tíṣà kọ́kọ́ nu pátákó.
"Ìwé ìṣirò méjì ni ayé ń kọ," ló wí,
"ọ̀kan fún ooru, ọ̀kan fún ìtúká.
Nínú hóró kan, àwọn èérún yúríà tò bí ọmọ ilé-ìwé ní àsẹ́ńbìlì,
ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀.
Omi dé, agogo lù:
ibi tí wọ́n lè dúró sí kò níye mọ́.
Wọ́n jẹ gbèsè ooru, èrè ìtúká ló san án."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀:
mú ooru tó wọlé,
yọ ìtúká kúrò, ìtúká tí o ti fi ìgbóná sọ di ìlọ́po;
bí ohun tó ṣẹ́kù bá wọ abẹ́ òdo,
ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn.
"Ilẹ̀kùn ni mo wí o. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń sáré."

Ọkọ́ bàbá mi kò sáré.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dípẹtà lẹ́yìn ilé ìdáná,
díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó tì í,
láti ọ̀sẹ̀ tí a gbé ẹni tó ni ín délé láti ọsibítù Adó.
Igi ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú,
inú rẹ̀ kún fún iná, afẹ́fẹ́ yí i ká,
síbẹ̀ kò jó. Ó ń dúró de ìṣáná kan ṣoṣo.
Ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà ṣí. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló ga.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ojúọlápé, ìyá mi, ń hun ẹní.
Mo sọ ti ìtúká fún un. Mo ní ẹní a máa tú fúnra rẹ̀ níbi etí,
ṣùgbọ́n kò sí ẹní kan tó hun ara rẹ̀ rí.
Kò gbójú sókè.
"Ùwọ tó kàwé tó yìí, ta ló sọ fún ọ pé ó ń hun ara rẹ̀?
Uṣu tí mo jẹ láàárọ̀ ló ń hun ún."

Òógùn wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀:
ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀.
Ooru náà ń jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí àgbàlá,
sí àwọn òkè ẹ̀yìn Ọ̀gọ̀tún,
kò sì ní padà,
bí ìlà pupa kan ti tún wọ àárín ìlà dúdú.

"Lọ gbé omi wá, òùngbẹ ń gbẹ mí."
Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù ṣì wà, ó ti là nídìí.
Mo fi ife bu omi nínú àmù.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́ kí n tó gbé e fún un.
Lọ́wọ́ọ́wọ́ ni.