Ilẹ̀kùn Tó Dùbúlẹ̀

Lọ́dún tí káńsù kó ilẹ̀kùn oníke dé àdúgbò wa ní Hull,
tó funfun báláú bí eyín àtọwọ́dá,
wọ́n yọ ti àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọ́n jù wọ́n sínú àpótí irin ńlá létí títì,
òjò ń pa wọ́n bí ẹni tí kò lárá.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, oorun ń fà mí láṣọ.
Mo rí ọ̀kan, aláwọ̀ ewé,
nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ṣì wà láyà rẹ̀,
ihò lẹ́tà rẹ̀ lanu sílẹ̀.
Mo mọ̀ ọ́n.
Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí mo ṣìnà nínú yìnyín,
ilẹ̀kùn yẹn ni mo kàn láti béèrè ọ̀nà.
Aṣọ ojú fèrèsé mì.
Kò sẹ́ni tó ṣí.

"Ìdọ̀tí wo lo wọ́ wálé yìí?"
Ọláìtán ọkọ mi ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo ní, igi ni.
Káfíńtà ni bàbá mi ní Ìlá,
bó bá fìka gbá pákó, á dẹtí sí i,
á ní, "Èyí ṣì ń mí."

Sátidé mẹ́ta ni mo fi fá ọ̀dà ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Mo fá àwọ̀ ewé, mo bá pupa.
Mo fá pupa, mo bá àwọ̀ kan bí omi ẹ̀kọ àná.
Nígbà tí mo dé orí igi gan-an, òórùn rẹ̀ ta sánsán,
mo rí àmì ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gòkè bí àkàbà:
mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án,
ó dúró níbẹ̀.

Ken aládùúgbò wa ló jẹ́wọ́,
bàbá tó fi ogójì ọdún bá ọkọ̀ apẹja lọ
síbi tí òkun ti ń di yìnyín.
"Èmi nìyẹn," ó ní, ó fi àtàǹpàkò tọ àmì náà lọ sókè.
N ò bi í ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mẹ́wàá.
Ìyá rẹ̀ ló ń gbé ilé náà.
Ó ní etí ìyá ti di lọ́dún tí mo wá kànlẹ̀kùn.
Bóyá.
Aṣọ fèrèsé ṣáà mì.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin wá,
ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá náà, ó fi àpò ìrọ̀rí wé e.
A jọ kàn án mọ́ ọn. Òòlù bà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé:
ìgbà tí kò lẹ́sẹ̀ ló ń dúró,
ìgbà tó wá lẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló dùbúlẹ̀.

Ọláìtán tó pè é ní ìdọ̀tí,
òun ló kọ́kọ́ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e jẹ dòdò.
Ó ní ká fi pákó dí ihò lẹ́tà. Mo kọ̀.
Ibẹ̀ ni Mojírádé ń ju ẹ̀wà tí kò fẹ́ jẹ gbà.
Bílì gáàsì náà ti gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀ rí,
a fi ọ̀sẹ̀ méjì wá a.

Ken kì í jókòó lọ́sàn-án Sọ́ńdè
láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kan tábìlì:
kó, kó, kó.
Ọmọ mi á ti wà lábẹ́ rẹ̀, á fẹnu sí ihò:
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni."
"Ìwọ ta?"
Bàbá á wojú mi. Mo ń bu ìrẹsì, n ò dá sí i.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Wọlé," ni ohùn náà wí láàárín àwọn àwo.